Ẹ̀rọ Tí Kò Gbóná, Tí Kò sì Fẹ́ Dúró

Okùn kan ṣoṣo ni gbogbo wa fi ń sá aṣọ nínú ọgbà wa ní Ìgàǹdó, ojú ọ̀nà àbáwọlé gan-an ni ẹni tó kọ́lé sì ta á sí. Mi ò mọ ohun tó rò. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ mọ bí nǹkan ṣe ń lọ nínú fúláàtì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kò nílò kó kan ilẹ̀kùn ẹnì kankan. Kó ṣáà gbójú sókè bó bá ti wọ géètì. Okùn yẹn ló sọ fún wa pé ọkọ obìnrin tó ń gbé ìsàlẹ̀ lápá òsì ti kó jáde nílé, nítorí a ò rí ṣòkòtò mọ́. Òun náà ló sọ fún wa nígbà tí ọkùnrin náà padà dé. Èmi fúnra mi ti dúró níbẹ̀ rí, tí mò ń ka ṣẹ́ẹ̀tì oníṣẹ́ẹ̀tì, tí mò ń ṣe bí ẹni ń wá pẹ́ẹ̀gì.

Nítorí náà, nígbà tí màmá mi ń bọ̀ wá gbé lọ́dọ̀ wa láti Èkìtì, ohun àkọ́kọ́ tí mo rò kì í ṣe oúnjẹ wọn tàbí oògùn wọn. Okùn ni mo rò.

Àìsàn kan ti kọlù wọ́n ní apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún. Orí wọn pé, ẹnu wọn mú ju tèmi lọ, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ò yá mọ́, kí wọ́n sì tó rìn dé ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ìtọ̀ á ti dà sára ìró. Ìró mẹ́rin lóòjọ́, nígbà mìíràn mẹ́fà, a ò tíì sọ̀rọ̀ aṣọ ibùsùn. Bẹ́ẹ̀, obìnrin tó máa ń fi áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ ìró kí wọ́n tó ró o lọ sóko ni màmá mi. Mo búra nínú ara mi pé kò sẹ́ni tó máa dúró sábẹ́ okùn ọgbà wa kó máa ka ìró wọn. Mi ò bá wọn sọ ọ́. Báwo lèèyàn ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ìyá ẹni? Mo kàn pinnu fún wọn ni, bí mo ṣe máa ń pinnu fún àwọn ọmọ kíláàsì mi pé wọn ò fẹ́ ṣeré mọ́.

Láti ìgbà náà, inú ilé ni aṣọ Màmá ti ń gbẹ, tàbí kí n sọ pé inú ilé ni wọ́n ti ń kọ̀ láti gbẹ. Ìgbà òjò ni. Mo ta okùn láti ẹnu ọ̀nà kíṣíìnì dé ẹnu ọ̀nà balùwẹ̀. Mo fi ìró bo ẹ̀yìn àga, mo fi bo ilẹ̀kùn, mo fi bo fáànù tí kò ríná lò. Ọkọ mi, tó ga, á máa tẹrí ba káàkiri ilé bí ẹni tó wá kí ọba. Òórùn aṣọ tútù wọ inú búrẹ́dì wa. Mo sì ń kanra. Mi ò ní í purọ́ fún yín: mo máa ń já aṣọ náà gbà lórí okùn, mo máa ń fọ̀ ọ́ bí ẹni ń bá a jà, mo máa ń pòṣé. Mo rò pé aṣọ nìkan ló ń gbọ́.

Àbúrò mi obìnrin ló gbà wá sílẹ̀. Amẹ́ríkà ló ń gbé, ó sì ń kó lọ sí ilé tuntun nígbà náà. Nígbà tí mo sunkún sí i létí lórí fóònù, ó ní dráyà tí òun ń lò wà nílẹ̀, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń mú aṣọ gbẹ, òun á fi sínú kòńténà pẹ̀lú ẹrù àwọn ará ìlú wa. "Àǹtí mi, ẹ má sunkún mọ́ jàre," ó ní. "Ẹ kàn máa ju aṣọ Màmá sínú ẹ̀ ni. Ẹ ò ní í lo okùn mọ́ láyé." Ọ̀rọ̀ okùn yẹn dùn mọ́ mi ju ọ̀rọ̀ aṣọ lọ.

Ẹ̀rọ náà dé ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú kan, funfun, ó tóbi, ó ní ilẹ̀kùn róbótó níwájú. Ọkùnrin mẹ́ta ló gbé e wọlé. A gbàdúrà lé e lórí kí a tó yọ páálí ara rẹ̀. A gbé e sí kọ́rídọ̀, níwájú yàrá Màmá, Màmá sì jókòó sórí àga wọn ní ẹnu ọ̀nà, wọ́n ń wò ó bí àlejò tí wọn ò tíì mọ orúkọ rẹ̀. Kókó tí a fi ọwọ́ ń yí láti yan iṣẹ́ tí ẹ̀rọ náà máa ṣe ti fọ́ lójú omi. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló kù tó yọrí síta. Ọkọ mi ní ìyẹn ò le, ẹ̀mú lòun máa fi máa yí i.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé ọkọ mi díẹ̀. Físíìsì ló fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé girama kó tó fẹ̀yìn tì. Tíṣà lèmi náà. Ọmọ Èkìtì ni àwa méjèèjì, nínú ilé wa, èèyàn kì í sọ pé òun ò mọ nǹkan. Ìwé tí àbúrò mi fi sínú ẹ̀rọ náà, ìwé tó ṣàlàyé bí a ṣe ń lò ó, ọkọ mi ṣí i sí ojú ìwé kìíní, ó rí àwòrán obìnrin kan tó ń rẹ́rìn-ín, ó pa á dé. Ó ní ìwé fún àwọn tí kò lọ sílé ìwé ni.

Ní ti iná, kò tilẹ̀ ronú lẹ́ẹ̀mejì. Kò sí ilé kan ní gbogbo agbègbè wa, láti Ìkọ̀tún dé Ẹ̀gbẹ́dá, tí kò ní ohun Amẹ́ríkà kan tó ti jóná rí nítorí pé ẹnì kan so ó mọ́ iná wa tààrà. Iná tiwọn kéré, tiwa lágbára, ọmọdé pàápàá mọ̀ ọ́n. Àwa fúnra wa ti sun rédíò kan àti ẹ̀rọ ìlọta kan. Nítorí náà, ọkọ mi lọ wá tráńsífọ́mà ńlá kan, èyí tí a ń pè ní sítẹpdáàn, tó máa dín iná wa kù kó tó dé inú ẹ̀rọ náà. Lẹ́yìn náà ló gé orí wáyà ẹ̀rọ náà sọnù, nítorí irin mẹ́rin tó yọ ní orí rẹ̀ ò bá ihò kankan mu ní Nàìjíríà, ó sì so ó mọ́ sítẹpdáàn. Ọkọ mi kì í ṣe ẹni tó ń ṣàṣìṣe láìronú. Ó máa ń ronú sí i dáadáa kó tó ṣe é.

Iná dé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. A kó ìró mẹ́ta àti aṣọ ibùsùn kan sínú ẹ̀rọ, ọkọ mi fi ẹ̀mú yí irin, ó tẹ bọ́tìnì, ó yí. Gbì-gbì-gbì-gbì. Mo pàtẹ́wọ́. Màmá pẹ̀lú fi ọwọ́ òsì lu itan.

Mo ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí àbúrò mi, ó sì fi ohùn dá mi lóhùn lórí fóònù: "Ibi tó wà yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ fi sí o. Ẹ̀rọ yẹn máa mọ̀ fúnra ẹ̀ tí aṣọ bá ti gbẹ, á sì dúró fúnra ẹ̀. Àmọ́ ẹ má ṣí i tó bá ń yí o! Ooru inú ẹ̀ lè bó èèyàn lójú." Ọkọ mi gbọ́ èyí lẹ́ẹ̀mejì, ó sì sọ ọ́ di òfin. Ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sórí ilẹ̀, ó ní kí ẹnikẹ́ni má kọjá ìlà náà nígbà tí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́.

Nígbà tó tó bíi wákàtí méjì, wọ́n mú iná lọ. Ẹ̀rọ dákẹ́. Ọkọ mi wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó ní àkókò tó yẹ kó parí gan-an nìyẹn, àwọn oníná kàn bá a ṣe kòńgẹ́ ni. A ṣílẹ̀kùn rẹ̀. Aṣọ náà lọ́ wọ́ọ́rọ́. Kò kán omi, kò sì dàbí èyí tó gbẹ, ó kàn rọ̀ lọ́wọ́ ni.

"Dádì," mo ní, "ṣé ó gbẹ báyìí?"

"Báyìí ni aṣọ ṣe ń gbẹ lọ́dọ̀ wọn," ó ní. "Oòrùn ló mú kí aṣọ tiwa máa le gbagidi bí ẹja gbígbẹ. Ó ti mọ́ ọ lára ni."

Mo gbà. Kí n sọ òótọ́, mo fẹ́ gbà. Mo ká ìró náà ní mẹ́rin-mẹ́rin, mo kó o sínú kọ́bọ́ọ̀dù Màmá, mo sì ń kọrin bí mo ṣe ń ká a. Màmá fi ọwọ́ pa èyí tó wà lókè, wọ́n ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọlọ́run á bù kún ẹni tó fi í ránṣẹ́."

Bí a ṣe ń ṣe é lójoojúmọ́ ọ̀sẹ̀ náà nìyẹn. Iná á dé, ẹ̀rọ á yí, iná á lọ, ọkọ mi á wo aago, á ní ó ti parí. Èmi á ká aṣọ. Màmá bẹ̀rẹ̀ sí wúkọ́ díẹ̀, mo ní òjò ni. Wọ́n ń béèrè fún páúdà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, mo ní àgbà ni. Wọn kì í fẹ́ dùbúlẹ̀ lọ́sàn-án mọ́, orí àga ni wọ́n máa ń wà, mo ní ẹ̀rọ tuntun ni wọ́n fẹ́ máa wò.

Èmi ní tèmi, mo ti di èèyàn ńlá. Àlájà tó ń gbé lókè wa, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó máa ń ra ẹ̀wà àti èlùbọ́ ní Ṣáṣá wá tà ní Ìkọ̀tún, bá mi pàdé lábẹ́ okùn níbi tó ti ń sáré kó aṣọ rẹ̀ nítorí òjò. Mo dúró, mo fi ọwọ́ lé ìbàdí.

"Àlájà, ẹ ṣì wà lẹ́nu eré òjò?" mo ní. "Àwa ti kúrò níbẹ̀ o."

"Àǹtí, kí lẹ rí lò?"

"Ẹ wá wò ó."

Àlájà wá wò ó. Lọ́jọ́ kejì, ó mú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin wá wò ó. Obìnrin ìsàlẹ̀ lápá òsì náà wá, pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ tó padà dé. Gbogbo wọn dúró lẹ́yìn ìlà ṣọ́ọ̀kì, wọ́n ń wo ìró Màmá bó ṣe ń gbéra tó ń ṣubú lẹ́yìn dígí. "Aṣọ ta lèyí tó pọ̀ tó báyìí?" ni ẹ̀gbọ́n Àlájà bi mí, mo sì yára sọ̀rọ̀ iná. Nítorí kí ẹnikẹ́ni má baà mọ̀ pé aṣọ màmá mi pọ̀, mo pe gbogbo ọgbà wá wo ibi tí wọ́n ti ń yí.

Ọjọ́ keje bọ́ sí Sátidé. Iná dé ní aago mẹ́jọ àárọ̀. A kó aṣọ sínú ẹ̀rọ, a jẹun. Aago mẹ́wàá lù, iná ò lọ, ẹ̀rọ ń yí. Aago méjìlá lù, ẹ̀rọ ń yí. Ìró mẹ́fà tí Màmá ní nílé nígbà yẹn, márùn-ún wà nínú ẹ̀rọ náà, ẹyọ kan wà lára wọn.

"Dádì, kò parí?"

"Aṣọ yẹn ò tíì tẹ́ ẹ lọ́rùn ni," ọkọ mi ní. "Ẹ̀rọ tó ń ronú ni. Ẹ má kánjú mọ́ ọn."

Ní aago kan, ó fi ọwọ́ kan ara ẹ̀rọ náà. Ó tutù. Ó mi orí, inú rẹ̀ dùn, ó ní ẹ rí iṣẹ́ òyìnbó, wọn ò jẹ́ kí ooru kankan jáde sóde. Ní aago méjì, ó fi ẹ̀mú yí irin láti pa á, irin náà sì ń yí lófìfo, kò di ohunkóhun mú mọ́. Mo rí i tí òógùn bo iwájú orí rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó gbóná nínú kọ́rídọ̀ wa lọ́jọ́ náà ni.

Ẹ óò bi mí pé kí ló dé tí a ò pa iná ilé lára míítà. Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni fìríìsà wa ò tíì di yìnyín. Iná tó wá fúnra rẹ̀ láti àárọ̀, kí èèyàn wá fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa á? Yàtọ̀ sí ìyẹn, ọkọ mi ní bí a bá já iná gbà lẹ́nu sítẹpdáàn lójijì, agbára tó wà nínú rẹ̀ á padà sẹ́yìn, á jó ẹ̀rọ náà. Ọjọ́ mẹ́fà gbáko ni àwọn oníná ti ń já iná náà gbà lójijì, tí ohunkóhun ò padà sẹ́yìn. Mi ò rán an létí. Ojú rẹ̀ ò gba ìránnilétí.

Nítorí náà, a jókòó, a ń retí kí wọ́n mú iná lọ. Láti ìgbà tí mo ti ń gbé Ìgàǹdó, ọjọ́ kan ṣoṣo tí mo gbàdúrà pé kí wọ́n mú iná wa lọ rèé, wọn ò sì mú un lọ. Àwọn ará ọgbà tún ti pé jọ. Obìnrin ìsàlẹ̀ ní kí a da omi sí i, ọkọ rẹ̀ fà á lọ́wọ́ padà sẹ́yìn. Àbúrò mi ń fi ohùn ránṣẹ́ láti orí ibùsùn rẹ̀ lókè òkun, ó ní irú ẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ sóun rí, ẹ ṣáà má ṣílẹ̀kùn ẹ̀ o, ó ti ń yí láti àárọ̀, ooru inú ẹ̀ á ti dàbí ti ààrò. Àlájà ní òun mọ obìnrin kan ní Ìdímù tó ń tún fìríìjì àti ẹ̀rọ ìfọṣọ ṣe. Ọkọ mi ní a ò nílò rẹ̀. Àlájà ti ń pe obìnrin náà lórí fóònù.

Ibi tí a dé nìyẹn nígbà tí mo gbọ́ ọ̀pá Màmá lórí ilẹ̀. Wọ́n ti dìde lórí àga. Wọ́n ń wọ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún bọ̀ díẹ̀díẹ̀, gbogbo wa sì yà fún wọn, a rò pé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni wọ́n ń lọ. Wọ́n tẹ ìlà ṣọ́ọ̀kì mọ́lẹ̀, wọ́n na ọwọ́ òsì, wọ́n sì fa ilẹ̀kùn ẹ̀rọ náà.

Ọkọ mi fi apá méjèèjì bo ojú. Àlájà kígbe "Subuhánálláà!" Mo ti dì mọ́ Màmá lẹ́yìn kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe.

Ẹ̀rọ náà ní gbì, ó ní gbì, ó dúró. Kò sí ooru kankan. Atẹ́gùn tó jáde nínú rẹ̀ tutù, ó ń rùn bí aṣọ tó sùn nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì.

"Mo fẹ́ pààrọ̀ ìró," Màmá ní.

Ọkọ mi sọ apá sílẹ̀. "Màmá," ó ní, "ẹ ò bá jẹ́ kó parí."

Obìnrin Ìdímù dé kò pẹ́ sígbà náà, ó wọ ṣòkòtò jíǹsì, ó gbé báàgì irin iṣẹ́ kọ́ èjìká. Ó kí Màmá lórí ìkúnlẹ̀, ó kí wa, ó béèrè ohun tó ń ṣe ẹ̀rọ. Gbogbo wa sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà: kì í gbóná, kì í sì í dúró. Kò tú ohunkóhun. Ó kàn bẹ̀rẹ̀, ó tan fóònù rẹ̀ sí etí ilẹ̀kùn róbótó náà níbi tí wọ́n lẹ irin pẹlẹbẹ kan mọ́, ó kà á, ó wo sítẹpdáàn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.

"Ta ló ní kẹ́ ẹ gbé gbogbo ẹ̀ gba inú sítẹpdáàn?"

"Ohun Amẹ́ríkà ni," ọkọ mi ní. "Iná kékeré, wan-tẹ́ẹ̀n, ni wọ́n ń lò."

"Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ibí yìí. Tú-fọ́tì, bíi tiwa, ni wọ́n kọ síbẹ̀. Apá tó ń yí i nìkan ló ń lo wan-tẹ́ẹ̀n. Apá tó ń gbóná, iná wa gan-an ló fẹ́. Ẹ ti fi ebi pa á."

"Kí ló dé tí kì í dúró?" mo bi í.

"Àìsàn kan náà ni, Mọ́mì. Ibi tẹ́ ẹ fi sí yìí, aago inú ẹ̀ ò lè kúrò lójú kan àfi tí inú ẹ̀ bá gbóná dáadáa. Kò gbóná, aago ò rìn. Aago ò rìn, kò lè parí láé. Tí iná ò bá lọ, ó lè máa yí dé ọdún tó ń bọ̀ ṣá."

Ọkọ mi lọ mú awò ojú rẹ̀. Ó kà á, ó nu awò, ó tún un kà. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìwé tí àbúrò mi fi ránṣẹ́. A rí i lábẹ́ ẹsẹ̀ kan ẹ̀rọ náà, níbi tí òun fúnra rẹ̀ ti ká a mẹ́rin kó má baà máa mì. Ojú ìwé kẹta ni wọ́n ti kọ gbogbo rẹ̀. Ó kà á ní ìdúró, ètè rẹ̀ ń mì.

"Ọjọ́ mélòó lẹ ti ń lò ó?" obìnrin náà béèrè, ó ń kó irin iṣẹ́ jáde.

"Ọjọ́ keje rèé," mo ní.

"Ọjọ́ keje? Aṣọ ò sì gbẹ rárá?" Ó yíjú sí mi. Kò fi ṣe ẹ̀fẹ̀. "Ẹ ò mọ̀? Ta ló ń wọ àwọn aṣọ yẹn? Ẹni tó ń wọ̀ ọ́ á ti mọ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́."

A kò pinnu ẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n ojú gbogbo wa lọ sọ́dọ̀ Màmá. Wọ́n ti padà sórí àga. Wọ́n gbé ìró tútù kan lé itan, wọ́n ń wá etí rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ kan tó dáa.

"Màmá," mo ní, "ṣé ẹ mọ̀?"

"Mo mọ̀."

"Pé aṣọ tútù lẹ̀ ń wọ̀? Lójoojúmọ́?"

"Èyí tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì náà tutù. Ìyẹn ni mo ṣe ń jókòó."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ, Màmá?"

Wọ́n wò mí bí wọ́n ṣe máa ń wò mí nígbà tí mo wà lọ́mọdé tí mo bá béèrè ohun tó hàn kedere.

"Inú rẹ ń dùn," wọ́n ní. "Ò ń kọrin. Láti ìgbà tí mo ti dé ilé yìí, mi ò rí ọ kí o fọwọ́ kan aṣọ mi tí o ò pòṣé, àfi ọ̀sẹ̀ tí ẹ̀rọ yìí dé."

Mo wọ yàrá wọn. Mi ò fẹ́ kí obìnrin Ìdímù rí ojú mi. Mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó ṣófo, aṣọ ibùsùn méjì ló kù, mo fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan èyí tó wà lókè. Tútù. Mo fọwọ́ kan bẹ́ẹ̀dì. Tútù. Ọjọ́ mẹ́fà ni mo fi ń ká ọ̀rinrin ní mẹ́rin-mẹ́rin, tí mo ń tò ó fún ìyá mi láti fi sùn. Ojú tì mí. Gbogbo ọdún tí mo ti lò láyé, ojú ò tì mí tó bẹ́ẹ̀ rí, kì í sì í ṣe nítorí ìtọ̀ ẹnikẹ́ni. Nígbà tí mo fi ìró gbígbẹ tèmi bá Màmá pààrọ̀, mo rí i pé awọ itan wọn ti pọ́n, ó ti ń bó. Páúdà funfun kún ojú rẹ̀. Mo bẹ̀ wọ́n, mo kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n, wọ́n ní kí n dìde, ilẹ̀ tutù.

Obìnrin Ìdímù ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tán ní ìrọ̀lẹ́. Ó ya ọ̀nà méjì fún iná, ọ̀kan gba inú sítẹpdáàn lọ síbi tó ń yí, èkejì wọlé tààrà síbi tó ń gbóná. Ẹ̀rọ náà gbóná débi pé ọkọ mi bọ́ síńgílẹ́ẹ̀tì. Kó tó di pé obìnrin náà palẹ̀ mọ́, ọkọ mi ti dúró níwájú Àlájà, ó ń fi ẹ̀mú tọ́ka, ó ń ṣàlàyé fún un pé aago inú rẹ̀ ò lè rìn bí kò bá gbóná, ohun tó rọrùn ni, ẹnikẹ́ni tó bá mọ físíìsì ló yẹ kó rí i. Àlájà ń sọ pé, "Ẹ ṣeun, Dádì." Obìnrin Ìdímù wojú mi, mo wojú rẹ̀, a fi í sílẹ̀.

Èmi ò dúró gbọ́ ọ parí. Òjò ò rọ̀ lọ́jọ́ náà, oòrùn ṣì wà lójú ọ̀run. Mo kó ìró mẹ́rin tútù tí a ti kó jáde nínú ẹ̀rọ kó tó di pé wọ́n tún un ṣe, mo kó aṣọ ibùsùn méjèèjì, mo fi bọ́kẹ́ẹ̀tì gbé wọn jáde síwájú ọgbà. Àwọn èèyàn ń ti ìta wọlé. Obìnrin ìsàlẹ̀ ń bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ lẹ́bàá géètì. Kí n sọ òótọ́, ọwọ́ mi ò tíì yí padà bí ọkàn mi ṣe yí padà. Mo rí i pé mo ń wá ẹ̀yìn okùn, níbi tí ògiri ti ṣíji bò ó, níbi tí bẹ́ẹ̀dìṣíìtì ńlá Àlájà ti gba gbogbo iwájú. Mo fi ìró kìíní kọ́ síbẹ̀, mo sì fi pẹ́ẹ̀gì dì í.

Ojú fèrèsé ni mo ti gbọ́ ohùn Màmá. Wọn ò rọra sọ ọ́. Gbogbo ọgbà ló gbọ́ ọ.

"Ìwọ ọmọ yìí, fà á síwájú. Oòrùn ò dé ibẹ̀ yẹn."

Mo yọ pẹ́ẹ̀gì, mo sì fà á síwájú.